Ọ̀nà Orí Odi Tí Ẹ Gbà Dé Iwájú Pẹpẹ

Òkìtìpupa,
Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìkórè.

Bàbá mi, ẹni àpọ́nlé mi,

Mo ti dé inú ilé olódi tí ẹ ń wá nínú géèmù. Òun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ, nítorí mo mọ̀ pé òun lẹ ó kọ́kọ́ bi mí. Lọ́sàn-án Tọ́sìdé ni, kò sí oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, NEPA sì ṣojú àánú. Mo jókòó sórí àga yín, mo tan géèmù, mo mú bàbá aláṣọ funfun yẹn jáde láti ẹnu ọ̀nà ààfin, mo gbé e gba orí odi, mo ń fi í pamọ́ sẹ́yìn eyín odi kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mi ò sáré. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: èmi yìí, mi ò sáré. Nígbà tí a dé òpin odi, ilẹ̀kùn ńlá kan ṣí, ó wọlé, orin kékeré kan dún, ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì gbé ogun mìíràn wá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìtẹ́, kò sí àsè, ẹnikẹ́ni kò jáde wá pàdé rẹ̀. Mo pa géèmù. Ṣé inú ilé yẹn lẹ fẹ́ dé lóòótọ́, Bàbá, àbí orí odi gan-an lẹ fẹ́ràn?

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí kò lórí. Nígbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ mú apá òsì yín, tí a gbé yín kúrò ní Erinje wá sọ́dọ̀ mi, mo dúpẹ́ pé ẹ yè, ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í retí ọjọ́ tí ẹ ó dìde. Nọ́ọ̀sì ọsípítù sọ pé bí ẹ kò bá ń rìn, ẹsẹ̀ yóò gbàgbé ìrìn. Mo gbà á gbọ́, mo sì sọ ọ́ di iṣẹ́. Láràárọ̀, kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń fà yín dìde, mo máa ń tì yín láti ẹnu ilẹ̀kùn lọ sí ìdí kànga. Ẹ ṣubú níbẹ̀. Ẹ tún ṣubú. Lẹ́yìn náà ẹ jókòó, ẹ ní ó tó. Màmá wò mí títí, wọ́n ní, "Bàbá rẹ kì í ṣe mọ́tò tó kú sójú ọ̀nà. Má tì í mọ́."

Mi ò lè fi yín sílẹ̀ nílé. Màmá wà nídìí iná tí wọ́n fi ń yan pupuru ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀, iná pupuru kò sì gba kéèyàn yí ojú kúrò. Bí mo ṣe ń fi takisí gbé yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ẹ̀yìn ni mo ti ń tẹ̀wé, tí mo ti ń ṣe fotokọ́pì fún àwọn tíṣà àtàwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Iwájú ni mo gbé tẹlifíṣọ̀n àti géèmù sí fún àwọn ọmọ iléèwé. Mo fi àga yín sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Mi ò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ọmọ yẹn ń ta géèmù, ẹ ń wò wọ́n. Ọ̀nà tóóró kan ló wà lórí odi gíga, láti ààfin dé ilé olódi. Òkúta yọ sókè létí rẹ̀ bí eyín, àlàfo wà láàárín eyín kan sí èkejì, àwọn ọmọ ogun sì dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń ta ọfà gba inú àlàfo. Bàbá arúgbó aláṣọ funfun ló fẹ́ kọjá. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń sáré, torí pé àkókò ni mo ń tà fún wọn, ẹni tó bá sì sáré lórí odi yẹn, ọfà ni yóò pàdé. Ó ń ṣubú, wọ́n ń kígbe, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Ẹ wò wọ́n bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ẹ bi mí pé ta ni bàbá yẹn, kí sì ni wọ́n ń lé e fún.

Mo ka ìwé kékeré tó bá géèmù náà wá fún yín. Ó ní ọ̀nà yẹn wà lóòótọ́, ní Róòmù, pé àwọn ará àtijọ́ ló mọ ọ́n sórí odi láti ààfin póòpù dé ilé olódi kan, póòpù kan sì ti gba ibẹ̀ sá àsálà nígbà tí ogun wọ̀lú. Ẹ ní kí n tún un kà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ìjọ Àgùdà, àánú póòpù ṣe yín. Ẹ béèrè bóyá ó ti dàgbà nígbà yẹn. Ìwé náà kò sọ. Ẹ ní ó ti ní láti dàgbà, wọn kì í fi ọmọdé ṣe póòpù, àgbàlagbà kì í sì í sáré nínú ẹ̀wù gígùn láìṣubú, nítorí náà irọ́ ni àwọn ọmọ yẹn ń pa mọ́ ọn. Ẹ ní kí n gbé páàdì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ fún yín.

Mo rẹ́rìn-ín nínú mi. Àtàǹpàkò òsì ló ń darí ọkùnrin inú géèmù, àtàǹpàkò òsì yín kò sì lè di ṣíbí mú. Mo ní kí ẹ lo ọ̀tún. Ẹ kọ̀. Ẹ gbé páàdì lé itan, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gbé àtàǹpàkò òsì sórí bọ́tìnì, ẹ ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ rìn. Ó pẹ́. Mo ti lọ tẹ lẹ́tà kan parí kí bàbá aláṣọ funfun tó kúrò níwájú ààfin. Nígbà tó bá wá dé ẹ̀yìn eyín kan, ẹ máa ń dúró síbẹ̀, àwọn ọfà á kọjá, òmíràn á tún kọjá, ẹ ò ní mira. Mo máa ń dúró lẹ́yìn yín pé Bàbá, ẹ lọ báyìí, ọ̀nà ti mọ́. Tó bá wù yín ni ẹ ó lọ sí ẹ̀yìn eyín kejì. Ọfà kan kò bà yín rí. NEPA nìkan ló ń pa yín, torí géèmù yẹn kì í rántí ibi téèyàn dé. Bí iná bá lọ, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ààfin. Èmi ni mo máa ń bú NEPA. Ẹ̀yin á kàn gbé páàdì sílẹ̀, ẹ ó ní kí n bá yín wá omi.

Àsìkò yẹn ni Bàbá Kékeré, àbúrò yín, wá láti Erinje lórí ọ̀rọ̀ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Láti kékeré lẹ ti kọ́ wa: bí wọ́n bá pe ìdílé wa lọ́jọ́ ìkórè, àgbà ìdílé ló ń ṣíwájú, a ò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀ títí yóò fi dé iwájú pẹpẹ. Bàbá Kékeré ní àwọn ọ̀dọ́kùnrin lè fi àga gbé yín, tàbí kí àwọn gẹ́gẹ́ bí àbúrò yín ṣíwájú, ti ọdún yìí nìkan. Kò sí ìlara nínú ohun tí wọ́n sọ. Èmi gan-an rò pé ó bọ́gbọ́n mu, mo ti ń wo àga tó fúyẹ́ nínú ọkàn mi. Ẹ gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹni tí wọ́n gbé kọ́ ló ṣíwájú. Ẹni tó gbé e ló ṣíwájú."

Bàbá Kékeré ní ṣé ẹ wá fẹ́ kí gbogbo ìjọ dúró dè yín títí wọn ó fi sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ ní bí wọ́n bá sùn, ẹ ó jí wọn tí ẹ bá dé iwájú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sìn wọ́n dé ibi ọkadà, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n àwọn ṣubú lójú ayé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ pè mí. Ẹ ní ẹ ti rí bí ẹ ó ṣe rìn. Ẹ ò fẹ́ kí n tì yín mọ́, ẹ ò sì fẹ́ kí n fà yín. Kí n kàn to nǹkan tí ẹ lè dì mú síwájú yín, kí n fi àlàfo sáàárín wọn. Ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo to àga, mo to bẹ́ǹṣì, mo yí dúróòmù omi wá, mo tò wọ́n láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí kànga. Ẹ di àga àkọ́kọ́ mú. Ẹ dúró. Mo wo aago, ẹ ní kí n bọ́ ọ. Mo bọ́ aago. Ẹ tún dúró, afẹ́fẹ́ fẹ́, adìẹ kọjá, Màmá bẹ ẹ̀gẹ́ kún abọ́, ìgbà yẹn ni ẹ wá gbé ẹsẹ̀, ẹ sì dé ìdí bẹ́ǹṣì. Ẹ ò ṣubú. Bàbá, ṣé ẹ rí ojú Màmá lọ́jọ́ yẹn? Wọ́n gbé abọ́ ẹ̀gẹ́ wọlé kíá, wọ́n ní èéfín ló kó sí àwọn lójú.

A ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ẹ fi ní ẹ fẹ́ dán an wò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Erinje, ní ọjọ́ Àìkú lásán, kí ìkórè tó dé. Ẹ ti wo ibẹ̀ nínú ọkàn yín: ọ̀nà tóóró láàárín, etí bẹ́ǹṣì lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀yìn etí bẹ́ǹṣì kan ẹ sinmi, kí ẹ tó lọ sí èkejì. Odi yẹn gan-an ni. Ohun tí a kò rò mọ́ ọn ni àwọn ènìyàn. Wọn ò tíì rí yín láti ìgbà àìsàn. Bí ẹ ṣe wọlé, gbogbo àwọn tó wà létí bẹ́ǹṣì dìde láti kí yín, wọ́n sì dí ibi tí ẹ fẹ́ dì mú. Ọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú yín. Ẹlòmíràn fi ayọ̀ gbá ọwọ́ òsì yín mú. Àwọn ìyá kúnlẹ̀, wọ́n ń wúre, ẹ ò sì lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ìwúre. Ẹ fẹ́ dá wọn lóhùn, ẹ yíjú, ẹsẹ̀ yẹ̀. Bàbá Kékeré ló gbá yín mú. Wọ́n gbé yín lọ jókòó.

Ẹ kọjú sí ògiri fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ ò jẹun dáadáa, ẹ ò béèrè géèmù. Mo wá jókòó sétí ibùsùn yín, mo ní kí ẹ sọ ohun tó kù tí ẹ fẹ́ kí n ṣe, torí jíjókòó lásán kò sí nínú ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ yíjú sí mi.

"Àwọn tó ń ta ọfà sí póòpù, ọ̀tá rẹ̀ ni wọ́n. Tèmi, ìkíni ni wọ́n ń ta sí mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá wọn jà?"

Mo ní ẹ̀yin kọ́ lẹ máa bá wọn jà. Èmi ni.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkórè. Wọ́n fi mí síbẹ̀ torí mo máa ń yọ wọ́n lẹ́nu tí nǹkan bá pẹ́. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo dìde nígbà ìfilọ̀. Mo ní lọ́jọ́ ìkórè, bí bàbá mi bá ń kọjá, kí ẹnikẹ́ni má dìde, kí ẹnikẹ́ni má dọ̀bálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má nawọ́, kí wọ́n sì fi etí bẹ́ǹṣì sílẹ̀ lófo. Ní kúkúrú, kí wọ́n má kí yín. Ilé dàrú. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa yìí, ọmọ tí kò kí àgbà, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú; èmi wá dúró níwájú ìjọ, mo ní kí wọ́n má kí bàbá tó bí mi. Ìyá kan láti ẹgbẹ́ àwọn ìyá bi mí bóyá bàbá mi ti di ẹyin ni, tí a ò fi gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ma, ẹyin ni wọ́n dà títí wọn ó fi dé iwájú pẹpẹ.

Bàbá Kékeré dúró dè mí níta. Ojú wọn kò dáa.

"Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò tíì rí ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ kí n má dọ̀bálẹ̀. Ṣé kí n wá ṣíwọ́ nígbà tí ara wọn ò yá?"

"Bàbá Kékeré, tí ẹ bá dọ̀bálẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ náà, wọn ó ṣubú, ẹ ó sì gbé wọn. Èwo lẹ fẹ́?"

Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Bí wọ́n bá ṣe bí àgbà tí a bú, gbogbo ìjọ yóò tẹ̀ lé wọn, ẹ ó sì ṣubú lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ràn jù nínú ọdún. Mi ò sọ èyí fún yín nígbà náà. Ṣé ẹ mọ̀?

Ọjọ́ náà dé. Wọ́n pe ìdílé wa. Ẹ dìde nínú agbádá yín tí Màmá ti gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀ kó má bàa kọ́ yín lẹ́sẹ̀. Mo wà lẹ́yìn yín, Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá Kékeré bọ́ sí ẹ̀yìn yín gbọn-in, wọ́n káwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ń bá wí, wọ́n sì di ọwọ́ náà mú ṣinṣin. Ìgbà tí ìjọ rí ìyẹn, wọ́n jókòó. Gbogbo wọn jókòó. Wọ́n sún sínú, wọ́n fi etí bẹ́ǹṣì sílẹ̀ fún yín. Àwọn kan fi ọwọ́ bo ẹnu kí ìkíni má bàa jáde.

Ohun tí mo gbàgbé láti ṣètò ni orin. Ẹgbẹ́ akọrin gbé èyí tó yá, ìlù ń lé ẹsẹ̀, ẹ sì wà lẹ́yìn bẹ́ǹṣì kẹta. Mo rí i pé èjìká yín ti fẹ́ tẹ̀lé ìlù. Mo ní ó tán, ẹ ó ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ dúró. Ẹ di bẹ́ǹṣì mú, ẹ ò mira, bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ọfà bá pọ̀. Orin parí, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, ẹ ò mira. Ọwọ́ onílù bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Olórí akọrin wo ojú mi, mo wo ilẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Ìgbà tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́ ni ẹ tó gbé ẹsẹ̀. A ń gbọ́ bàtà yín lórí sìmẹ́ńtì, ọ̀kan ń rìn, ọ̀kan ń wọ́. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn orin kan lábẹ́ ohùn, kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì, ẹ dúró, ẹ lọ, ẹ dúró. Lẹ́yìn bẹ́ǹṣì iwájú, kò sí ohun tí ẹ lè dì mú mọ́ títí dé igi tí a ń kúnlẹ̀ tì gba oúnjẹ Olúwa. Mo na ọwọ́. Bàbá Kékeré tú ọwọ́ kan sílẹ̀ láti ẹ̀yìn wọn, wọ́n gbá ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ẹ lọ. Ẹ di igi náà mú, ọwọ́ òsì pẹ̀lú.

Ẹ yíjú padà sí ìjọ, ẹ mí, ẹ ní, "Ó yá. Ẹ wá kí mi."

Bàbá, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ lulẹ̀, pẹ̀lú aṣọ àrán wọn, àyà kan sìmẹ́ńtì. Gbogbo ìkíni tí wọ́n ti há sí ọ̀fun tú jáde, ìdílé tó kù dúró, ètò ìsìn tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ di pálapàla, oúnjẹ tutù. Ìyá tó bi mí nípa ẹyin dì mọ́ yín, ó ní ẹyin ti pa. Ẹ̀rín yín dún dé ìta.

Ẹ lo ọyẹ́ yẹn pẹ̀lú wa, ẹ lo òjò àkọ́rọ̀, lẹ́yìn náà ẹ sùn, ẹ ò jí. Mo ṣètò ìsìnkú yín kíákíá, ó sì lọ déédéé, ẹ̀ bá gbádùn rẹ̀ ká ní ẹ rí i. Mo dúpẹ́ pé a kò gbé yín dé iwájú pẹpẹ rí, àfi lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹra fún. Mo dúpẹ́ pé ẹ gbà kí n to àga, tí ẹ sì ní kí n bọ́ aago. Mo dúpẹ́ fún ọ̀sán tí ẹ fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo rò pé èmi ni mò ń tọ́jú yín. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí ọ̀ràn bá le báyìí, mo máa ń wá ẹ̀yìn nǹkan kan dúró sí kí n tó sọ̀rọ̀? Àwọn oníbàárà mi rò pé mo ti ń dàgbà.

Ìkórè tún ti wáyé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Nígbà tí a ń ṣètò, olórí akọrin bi mí iye ìṣẹ́jú tí a ó fún ìdílé wa. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo. Wọ́n pè wá, Bàbá Kékeré bọ́ síwájú, torí ipò ti kàn wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn le koko, ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣì ń gun ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n dé etí bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́, wọ́n dì í mú, wọ́n dúró. Wọ́n lọ sí èkejì, wọ́n dúró. Ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ìlú ńlá dé rò pé orúnkún ló ń dùn wọ́n. Akọrin sọ orin kalẹ̀ fúnra wọn. Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ kàn mí, wọ́n ní, "Má tì í o."

Mi ò tì wọ́n, Bàbá. Ọ̀nà gùn, mo sì rìn ín tán lẹ́yìn wọn, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ yín.

Pẹ̀lú ọpẹ́ tí kò kánjú,
Ọmọ yín tó ń bọ̀ lẹ́yìn.